Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Mi: Ṣé Pupa Ẹyin Ló Ń Di Òròmọdìyẹ?

Lẹ́tà nípa ẹyin ló pọ̀ jù lóṣù yìí, inú mi sì dùn sí i. Bàọ́lọ́jì ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun ní ilé-ìwé girama kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ń pa ẹyin, mo ń ta òròmọdìyẹ báyìí lẹ́yìnkùlé mi ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn. Mo fẹ́ fara balẹ̀ dá ìbéèrè àkọ́kọ́ yìí lóhùn, nítorí òun ló gbé àwọn yòókù dání.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ínkúbétọ̀ kékeré kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹyin, tó ń gba ẹyin 60. Ọwọ́ àwọn tó ń sin adìyẹ ìbílẹ̀ ládùúgbò wa ni mo ti ń ra ẹyin, mo sì ń kó wọn jọ sórí fíríìsà nínú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi títí wọ́n á fi pé. Òròmọdìyẹ 23 péré ló jáde. Lọ́jọ́ ogún gan-an, mo ṣí ẹ̀rọ láti bá àwọn tó ti ń lu èèpo yọ ara wọn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ló kú. Nígbà tí mo fọ́ àwọn tó kù, àwọn kan ò ní nǹkan kan nínú, àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ tó yípo roboto, àwọn mìíràn sì ti di adìyẹ tán, ìyẹ́ ti bò wọ́n. Èyí tó wá dá awuyewuye sílẹ̀ nílé ni pé ìyàwó mi ní pupa ẹyin ló ń di òròmọdìyẹ, ìyá mi ní irọ́ ni, funfun ni, pé oúnjẹ ọmọ ni pupa. Ta ni ká gbà gbọ́ nínú wọn? Kí ló sì pa ẹyin mi? — Ọ̀sìn-adìyẹ, Ìsẹ́yìn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ bá mi kí Màmá. Wọ́n gba ìdajì. Oúnjẹ ni pupa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n funfun náà kì í di òròmọdìyẹ. Omi àti èròjà amúaradàgbà ló wà nínú rẹ̀, ọmọ á sì lò ó tán kó tó jáde. Ohun tó ń di òròmọdìyẹ kéré gan-an sí àwọn méjèèjì. Ẹ fọ́ ẹyin tútù kan sínú àwo pẹlẹbẹ, ẹ rọra ṣe é kí pupa má bẹ́, kí ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ óò rí àmì funfun kan lórí pupa, kò fẹ̀ ju mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Bí àkùkọ ò bá gun adìyẹ tó yé e, àmì yẹn á kéré, á rí wúruwùru, á funfun látẹ̀gbẹ́ dé àárín. Bí àkùkọ bá ti gùn ún, á fẹ̀ díẹ̀ sí i, á rí roboto, àárín rẹ̀ á mọ́ gaara, etí rẹ̀ nìkan ló máa funfun. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń wá. Kò sí ibòmíràn.

Ohun tí Màmá sọ yìí, Aristotle ará Gíríìsì sọ ọ́ ní nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn. Ó kọ ohun tí èèyàn ń rí sílẹ̀ bó bá ń mú ẹyin abẹ́ adìyẹ tó ń sàba, tó ń fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan á hàn, á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún, ó sì mọ̀ pé ọkàn ni. Ojú lásán ni wọ́n fi rí i nígbà náà, kò sí awò kankan. Ó gbà pé inú funfun ni ọmọ ti ń hù, tí pupa sì ń bọ́ ọ. Ibi oúnjẹ ló ti gbà á, ibi funfun ni kò ti gbà á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú adìyẹ fúnra rẹ̀. Bí àkùkọ bá gun àgbébọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àgbébọ̀ á tọ́jú àtọ̀ rẹ̀ pamọ́ sínú ara, ó sì lè máa fi yé ẹyin tó lọ́mọ nínú fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí pupa kan bá já, ẹnu ọ̀nà ẹyin ló máa bọ́ sí, ibẹ̀ ni àtọ̀ ti ń pàdé rẹ̀. Àyè tí wọ́n ní kò ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ, nítorí pé bí funfun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wé pupa, àtọ̀ kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Lẹ́yìn funfun, awọ. Lẹ́yìn awọ, èèpo. Èèpo ló ń pẹ́ jù, nǹkan bí ogún wákàtí. Gbogbo ìrìn náà lé díẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Ní gbogbo àkókò tí èèpo yìí ń gbó, tí adìyẹ ń tanlẹ̀ kiri tó ń wá kòkòrò jẹ, iṣẹ́ ti ń lọ nínú ẹyin. Sẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn ẹyọ bíńtín tí a fi kọ́ ara ohun alààyè, ti pín sí méjì, méjì ti di mẹ́rin, mẹ́rin ti di mẹ́jọ. Pupa kì í pín o, àmì funfun yẹn nìkan ló ń pín. Kí ẹyin tó bọ́ sínú ìtẹ́, sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ ti lé ní 20,000. Ẹyin tí wọ́n yé láàárọ̀ yìí tí ẹ rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ti ní ọjọ́ kan lórí.

Bó bá bọ́ sílẹ̀ tó tutù, iṣẹ́ dúró. Kò kú, ó dúró ni. Ìdí nìyẹn tí àgbébọ̀ fi lè yé ẹyin lónìí, kó yé lọ́la, kó máa yé e bẹ́ẹ̀ títí ẹyin á fi tó mẹ́wàá, kó tó wá sàba, síbẹ̀ kí gbogbo wọn jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyin àkọ́kọ́ ń dúró de èyí tó kẹ́yìn. Àmọ́ kó tó lè dúró dáadáa, ó nílò òtútù, nǹkan bí 15 sí 18°C. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 21°C, kò sùn mọ́, kò sì jí dáadáa: sẹ́ẹ̀lì á máa pín ní ìpín-kúpìn-ín, okun ọmọ á sì máa tán kí ìrìn gidi tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ fura nìyí: orí fíríìsà yẹn. Inú fíríìsà ló tutù, ooru tó ń lé jáde, ara rẹ̀ àti àyíká rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ẹyin tó ti lo ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ níbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí ẹni tó rán an. Irú ẹyin bẹ́ẹ̀ ti ṣi ọ̀mọ̀wé lọ́nà rí. Marcello Malpighi, dókítà ará Bologna ní Ítálì, fi awò amú-nǹkan-tóbi wo ẹyin adìyẹ lẹ́yìn 1670, àwòrán tó yà sì péye débi pé a ṣì ń gbóríyìn fún un dòní. Ó rí ìrísí ọmọ nínú ẹyin tí adìyẹ kankan ò sàba lé, ó sì gbà pé ọmọ ti wà níbẹ̀ látilẹ̀wá. Oṣù Kẹjọ ni, oòrùn Bologna ń mú ganrínganrín, ooru yẹn ló sì ti jí ẹyin náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní Yúróòpù ló ń sọ pé ọmọ kékeré tó pé orí, tó pé ẹsẹ̀, ló wà nínú ẹyin, pé ńṣe ló kàn ń tóbi sí i. Caspar Friedrich Wolff, ará Jámánì, ta kò wọ́n ní 1759. Ó wo ẹyin adìyẹ, ó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń yọ ni. Ó tún fi hàn lẹ́yìn náà pé abala pẹlẹbẹ kan ló ń ká títí tó fi di ìfun.

Wolff ló gbà á, òun sì ni ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń pa ẹyin mọ̀. Kò sí òròmọdìyẹ kékeré kan nínú ẹyin tó ń dúró de ooru kó lè sanra. Ńṣe ni wọ́n ń kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ tó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹwàá ò ní padà wá tún un ṣe.

Ẹ wo iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹyin bá ti wà nínú ooru 37.5°C fún bí wákàtí 16 sí 18, ìlà kan á ti là láàárín àmì funfun yẹn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì á máa rìn lọ sí ìdí ìlà náà, wọ́n á gba ibẹ̀ wọ abẹ́, títí wọ́n á fi di ipele mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ lé ara wọn. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Christian Pander ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ipele mẹ́ta yìí nínú ẹyin adìyẹ, ní 1817. Ipele òkè ló ń di awọ, ìyẹ́, ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ti àárín ló ń di ọkàn, ẹ̀jẹ̀, egungun, ẹran ara àti kíndìnrín. Ti ìsàlẹ̀ ló ń di ìfun, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Ipele mẹ́ta kan náà yìí ni ewúrẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, òun ni ẹja fi bẹ̀rẹ̀, òun ni èmi àti ẹ̀yin náà fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àárín ipele òkè á ká sókè bí ẹní, etí rẹ̀ méjèèjì á pàdé, á di ihò gígùn kan. Orí ihò yẹn ló ń di ọpọlọ.

Kí ọjọ́ kejì tó parí, ọkàn ti ń lù. Apá ò tíì sí, ẹsẹ̀ ò tíì sí, àmọ́ ọkàn ti ń lù.

Nígbà tí mo ń kọ́ni, mo máa ń fọ́ ẹyin ọjọ́ kẹta sínú abọ́ omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Pupa á rọra yí, ọmọ á wá sókè. Kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan, ó tẹ̀ kọrọdọ, orí rẹ̀ tóbi ju gbogbo ara tó kù lọ, èèyàn á sì rí i ketekete níbi tí ojú wà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ya láti ara rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì lọ sórí pupa, iṣan kan tó nípọn díẹ̀ sì yí gbogbo rẹ̀ po. Láàárín wọn ni ọkàn wà: á pọ́n, á ṣá, á pọ́n, á ṣá. Àwọn ọmọ tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ á dákẹ́, wọ́n á máa jìjàdù láti wò ó. Iṣan tó yípo yẹn gan-an ni ẹ rí nínú ẹyin yín. Bí ọmọ bá kú láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ á fi àárín sílẹ̀, á lọ jọ sínú iṣan etí náà, òun la sì ń pè ní òrùka ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹyin tí kò ní nǹkan kan nínú, ó ṣeé ṣe kí àkùkọ má tilẹ̀ gun adìyẹ tó yé e. Ẹyin tó ní òrùka, ọmọ wà níbẹ̀, ó sì kú níbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ ń kó ẹyin sí, pípẹ́ tó pẹ́ jù, ooru ẹ̀rọ tó lọ sókè jù, tàbí gbígbọ̀n ẹyin lójú ọ̀nà, àwọn ló sábà máa ń fà á.

Yíyí ẹyin náà wà lára rẹ̀. Ọmọ tó wà lórí pupa fúyẹ́, ó máa ń léfòó lọ sókè. Bí ẹyin bá wà lójú kan fún ìgbà pípẹ́, ọmọ á lẹ̀ mọ́ awọ èèpo, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Àgbébọ̀ mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, ó máa ń fi ẹnu yí ẹyin abẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ẹ̀rọ yín ò bá ń yí i fúnra rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí i, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, títí di ọjọ́ kejìdínlógún.

Mi ò ní pẹ́ lórí ọjọ́ àárín, nítorí ẹyin kì í sábà kú nígbà náà. Ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin ni apá àti ẹsẹ̀ ń rú. Nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ ni ìyẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Egungun ń le, ara èèpo ẹyin ni ọmọ sì ti ń fa púpọ̀ nínú èròjà tó fi ń mú un le. Ìdí nìyẹn tí èèpo fi ń rọrùn láti fọ́ nígbà tí ọjọ́ bá pé. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá, ọmọ á yí orí padà sí ìdí ẹyin, ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀, níbi tí àyè afẹ́fẹ́ wà. Bí iná bá lọ díẹ̀ lásìkò yìí, ẹ má ṣe sáré kiri. Ẹ bo ẹ̀rọ, ẹ má ṣí i. Ooru tó wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kì í tètè pa ọmọ. Èyí tó lọ sókè ju 40°C lọ fún wákàtí mélòó kan ló ń pa á.

Ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn ló tún le. Títí di ìgbà náà, ara iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tẹ́ sí abẹ́ èèpo ni ọmọ ti ń fa afẹ́fẹ́, láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò wínníwínní tó wà lára èèpo. Ní nǹkan bí ọjọ́ kọkàndínlógún, ìyókù pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ikùn rẹ̀ láti ìdodo. Ọmọ á fi ẹnu lu awọ, á kan àyè afẹ́fẹ́, á mí èémí àkọ́kọ́ tó fi ẹ̀dọ̀fóró mí. Ẹ óò máa gbọ́ igbe rẹ̀ látinú èèpo. Ṣóńṣó líle kan wà lórí ẹnu rẹ̀ tó fi ń lu èèpo, yóò já bọ́ lẹ́yìn tó bá jáde. Lẹ́yìn tó bá ti lu ihò àkọ́kọ́, á sinmi fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ibí yìí ni ọkàn èèyàn kì í gbà, tí ẹ sì ṣí ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé àánú ló mú yín ṣe é. Àmọ́ kì í ṣe pé kò lè jáde, iṣẹ́ ló ń ṣe: ẹ̀jẹ̀ ń kúrò lára èèpo wọnú ara rẹ̀, pupa ń wọlé tán. Bí ẹ bá ya èèpo nígbà náà, iṣan tó ṣì ní ẹ̀jẹ̀ nínú á já. Bí ẹ bá sì ṣí ẹ̀rọ, ọ̀rinrin á sá jáde, awọ inú á gbẹ mọ́ àwọn tí kò tíì lu èèpo rárá lára, wọn ò ní lè yí ara padà. Àwọn tí ìyẹ́ ti bò yẹn, bí wọ́n ṣe máa ń kú nìyẹn.

Ní tèmi, ohun tí mo bá ṣe níbi tí ẹ wà nìyí. Màá kó ẹyin sí yàrá tó tutù jù nílé, sínú ìkòkò amọ̀ tí a fi iyanrìn tútù yí ká bí kò bá sí ohun mìíràn, mi ò sì ní jẹ́ kó ju ọjọ́ méje lọ. Màá fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò lóru ọjọ́ keje, màá yọ àwọn tí kò ní nǹkan nínú àti àwọn olórùka. Ọ̀rinrin á wà ní nǹkan bí ìdá 50 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹyin lè fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí omi ara rẹ̀ ṣe ń lọ, tí àyè afẹ́fẹ́ á sì máa fẹ̀. Láti ọjọ́ kejìdínlógún, màá dá yíyí dúró, màá gbé ọ̀rinrin lọ sí nǹkan bí 65 sí 70, màá ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Ó di ìgbà tí wọ́n bá jáde tí ara wọn gbẹ kí n tó ṣí i. Ebi ò ní pa wọ́n. Pupa tó wọ ikùn wọn yẹn lè gbé wọn ró fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, òun ni wọ́n fi ń kó òròmọdìyẹ ọjọ́ kan láti Ìbàdàn dé Kánò láìkú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. SS2 ni mo wà ní Ilé-Ifẹ̀. Olùkọ́ wa ní inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara wa ti wá, àti pé àṣẹ kan náà ló wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì. Báwo wá ni èyí tó máa di orí ṣe ń mọ̀ pé orí ni òun? — Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú ìbéèrè. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo bàọ́lọ́jì. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì bá ara rẹ̀ àti ohun tí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ ń sọ fún un ló fi ń mọ̀. Àṣẹ kan náà ló wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, apá tí kálukú ń lò ni kò dọ́gba.

Onímọ̀ ará Jámánì kan, Hans Driesch, ya sẹ́ẹ̀lì méjì àkọ́kọ́ ti ẹ̀dá òkun ẹlẹ́gùn-ún kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1892. Ó rò pé ìdajì ara lòun máa rí. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan di odindi ọmọ, ó kàn kéré ni. Èyí jẹ́ ká mọ̀ pé kò sí èyí tí wọ́n ti yàn fún ọ̀tún tàbí òsì nígbà náà.

Èyí tó wá gbayì jù ṣẹlẹ̀ ní Freiburg, ní Jámánì. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Hilde Mangold, lábẹ́ olùkọ́ rẹ̀ Hans Spemann, mú ọlẹ̀ newt, ẹranko kékeré tó jọ alángbá tó ń gbé inú omi. Ara ọlẹ̀ newt kan funfun, ti òmíràn dúdú, kó lè dá sẹ́ẹ̀lì wọn mọ̀ yàtọ̀. Àwọn ọlẹ̀ náà kò ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ. Ó gé bíńtín lára etí ihò tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà wọlé lára ti funfun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ikùn ti dúdú. Ọlẹ̀ yẹn hu ọ̀pá ẹ̀yìn kejì. Orí kejì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ìbejì tó fi ikùn lẹ̀ mọ́ra. Bó ṣe wò ó fínnífínní, púpọ̀ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn tuntun náà kì í ṣe ara bíńtín tó lẹ̀ mọ́ ọn, sẹ́ẹ̀lì ti dúdú ni, èyí tí ì bá di awọ ikùn lásán. Bíńtín yẹn ló bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà.

Ọdún 1924 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ọdún yẹn náà ni iná ṣọṣẹ́ nílé Hilde Mangold, ó sì kú kó tó pé ọmọ ọdún 26. Spemann gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1935. Mo fẹ́ kí o di orúkọ ọmọbìnrin yẹn mú, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn.

Nǹkan kan tún wà tí o lè wò fúnra rẹ lọ́jà. Wo ẹsẹ̀ adìyẹ, kí o wo ti pẹ́pẹ́yẹ. Nínú ẹyin, awọ ló kọ́kọ́ so ọmọ ìka ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì pọ̀. Ti adìyẹ, àṣẹ á dé pé kí sẹ́ẹ̀lì àárín ìka kú, wọ́n á kú, ìka á yà. Ti pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n dá àṣẹ yẹn dúró, awọ á wà níbẹ̀, òun ló fi ń wẹ̀. Ọwọ́ tìrẹ náà, bí ti adìyẹ ló ṣe yà nínú ìyá rẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, nọ́ọ̀sì bá ìyàwó mi wí nígbà tó lọ fi orúkọ sílẹ̀. Ó ní ó yẹ kó ti máa lo fólíkì ásíìdì kó tó lóyún. Ṣé èèyàn lè lo oògùn fún ọmọ tí kò tíì sí? — Bàbá ọjọ́ iwájú, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire, Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀. Kò yẹ kó bá a wí, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ẹyin obìnrin kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, kò ní pupa tó ń bọ́ ọmọ bíi ti adìyẹ, ara ìyá ni gbogbo nǹkan ti ń wá. Ihò gígùn tí mo sọ lókè pé ó ń di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, nínú ọmọ èèyàn, ó gbọ́dọ̀ ti pa pọ̀ tán ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí àtọ̀ pàdé ẹyin. Nígbà yẹn, nǹkan oṣù obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá ọjọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ò tíì mọ̀ pé oyún ti wà. Bí ibì kan kò bá pàdé lápá ìsàlẹ̀, wọ́n á bí ọmọ tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ là. Bó bá jẹ́ lápá orí ni, ọmọ kì í yè é. Fólíkì ásíìdì máa ń dín ewu yìí kù gan-an. Máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́ ni, láti ìgbà tí obìnrin bá ti ń gbìyànjú oyún títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá. Kò mú gbogbo ewu kúrò, ẹni tó bá sì ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí tàbí tó ń lo oògùn wárápá, kí ó bá dókítà sọ ọ́, ìwọ̀n tirẹ̀ yàtọ̀.

Kí ìyàwó yín má ṣe bẹ̀rù o. Ọmọ tó pọ̀ jù lọ ni wọ́n ń bí láìsí àléébù yìí. Kó máa lo èyí tí wọ́n fún un, kó sì jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹyin tó ní pupa méjì, ṣé ìbejì ló máa jáde? Mo ní mẹ́rin nílé, mi ò fẹ́ fi wọ́n ṣòfò. — Ìyá Ìbejì, Igbó-Ọrà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú orí ire, Ìyá Ìbejì, ẹ̀jìrẹ́ á gbè yín. Pupa méjì ló já lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí, èèpo kan wá bo méjèèjì. Àmì funfun méjì ló wà níbẹ̀, bí àkùkọ bá sì ti gun adìyẹ náà, ọmọ méjì ló máa bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú ìbejì ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹyin méjì ló já nínú ìyá, àtọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pàdé wọn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi jẹ́ ọkùnrin kan, obìnrin kan, tí wọn kì í jọra ju ọmọ ìyá yòókù lọ. Àwọn tó jọra bí ìmumu ni ọlẹ̀ kan ṣoṣo tó pín sí méjì.

Àyè ilé ọmọ ń gba ìbejì nínú obìnrin nítorí ó ń gbòòrò. Èèpo kì í gbòòrò. Afẹ́fẹ́ tó wà fún ẹnì kan ni àwọn méjì ń pín, kò sì sí àyè fún wọn láti yí orí sí ìdí ẹyin. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí wọ́n jáde láàyè. Ẹ má fi wọ́n sábẹ́ adìyẹ. Ẹ sè wọ́n fún àwọn ìbejì, kò sí ohun tó ṣe wọ́n.